Ọjọ́ Ìbí Tó Di Ọdún: Bí Felabration Ṣe Fìdí Múlẹ̀ ní Ìkẹjà

Láàárín wa, ọdún ikú ni a máa ń kà fún ẹni tó ti lọ. Mùsùlùmí á ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, á tún ṣe ti ogójì ọjọ́. Onígbàgbọ́ á ṣe ìsìn ìdúpẹ́, nígbà tó bá sì pé ọdún kan, ọdún márùn-ún tàbí ọdún mẹ́wàá, á gbé àwòrán bàbá tàbí ìyá rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Ọjọ́ tí ẹni náà dáyé kì í sábà sí nínú ìṣirò yẹn mọ́. Èyí ló jẹ́ kí ìpinnu tí Yẹni Aníkúlápó-Kútì ṣe lọ́dún 1998 wú mi lórí. Fẹlá, bàbá rẹ̀, kú ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ ọdún 1997. Ọjọ́ ikú yẹn wà nílẹ̀ tí wọ́n ì bá lò, ẹkún rẹ̀ kò sì tíì gbẹ lójú ará Èkó. Yẹni fò ó dá. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹwàá ló mú, ọjọ́ tí wọ́n bí Fẹlá sí Abẹ́òkúta lọ́dún 1938, ó sì pe ayẹyẹ náà ní Felabration.

Láti ìgbà náà ni ọjọ́ kan ṣoṣo yìí ti ń kó nǹkan jọ sára. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹwàá ọdún 2000 ni wọ́n ṣí New Afrika Shrine ní Agídìngbí. Ọjọ́ yìí kan náà lọ́dún 2012 ni ilé tí Fẹlá gbé títí ó fi kú di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ìjọba àpapọ̀ kò fún òṣìṣẹ́ kankan ní ìsinmi lọ́jọ́ náà, ọjọ́ náà kò sì sí nínú kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí. Síbẹ̀, bí oṣù Kẹsàn-án bá ti ń parí lọ, ẹni tó ń ta sùyà, ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ẹni tó ní òtẹ́ẹ̀lì ní àdúgbò Ìkẹjà ti mọ̀ pé ọdún ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ilé tí wọ́n bí Fẹlá sí, orin kò ṣàjèjì níbẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kútì, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ ń fi ohùn ilẹ̀ wa kọ orin ìsìn ní èdè Yorùbá. Nígbà tó dé Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1922, ilé iṣẹ́ Zonophone gba ohùn rẹ̀ sínú àwo. Ẹ wò ó, ó ku ọdún mẹ́rìndínlógún kí wọ́n tó bí Fẹlá nígbà tí ẹni tó ń jẹ́ Ransome-Kútì ti kọrin sínú àwo. Bàbá Fẹlá fúnra rẹ̀, Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun, ni ọ̀gá àgbà ní Abẹ́òkúta Grammar School, òun sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún NUT, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà. Ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, ló kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lẹ́yìn lòdì sí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi ní láti kúrò lórí ìtẹ́ fún ìgbà kan lọ́dún 1949. Bàbá àgbà kọrin, bàbá kọ́ni níwèé, ìyá kojú aláṣẹ. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ọ̀sẹ̀ Felabration á rí ọwọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbẹ̀.

Fẹlá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1958, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ orin Trinity. Níbẹ̀ ló ti dá ẹgbẹ́ Koola Lobitos sílẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti fẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún Taylor, ìyá Yẹni, Fẹ́mi àti Ṣọlá. Ó padà sílé lọ́dún 1963. Lọ́dún 1969 ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, ó pàdé Sandra Smith tó fún un ní ìwé kà nípa Malcolm X, orin rẹ̀ kò sì rí bákan náà mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ìtàn yìí ti wọ́pọ̀ lẹ́nu ènìyàn, n kò ní pẹ́ nídìí rẹ̀. Ohun tó kàn mí ni àwọn gbọ̀ngàn tó ti ṣeré, nítorí inú wọn ni Felabration ti ṣẹ̀ wá.

Fẹlá kì í dúró de olówó kí ó wá pè é sí òde ìgbéyàwó. Ilé tirẹ̀ ló ní, tí àwọn ènìyàn ń wá bá a níbẹ̀. Afro-Spot ló kọ́kọ́ pè é, lẹ́yìn náà ló di Afrika Shrine ní Empire Hotel, Ìdí-Òrò, nítòsí ilé tó ń gbé ní òpópónà Agége, èyí tó sọ ní Kalakuta Republic. Alẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni Yabis Night, tí Fẹlá á fi máa sọ̀rọ̀ láàárín orin, á sọ ti ìjọba, á sọ ti ṣọ́ọ̀ṣì, á sọ ti ọlọ́pàá, àwọn èrò á máa dá a lóhùn, òun náà á sì fún wọn padà. Alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Comprehensive Show, tó máa ń ní ètùtù nínú, níwájú ojúbọ tí àwòrán Kwame Nkrumah wà lára rẹ̀. Orin kan lè gba wákàtí kan. Bí ó bá sì ti gbé orin kan jáde lórí àwo, ó ti fi sílẹ̀ nìyẹn, kò jẹ́ kọ ọ́ lórí ìtàgé mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ kó lọ ra àwo. Ìyẹn túmọ̀ sí pé gbogbo ẹni tó bá wọ Shrine lálẹ́ ọjọ́ kan, orin tí ayé kò tíì gbọ́ ló ń gbọ́.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn ṣọ́jà ya wọ Kalakuta, wọ́n lu ẹni tí wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n sì dáná sun ilé náà. Wọ́n ti ìyá Fẹlá láti ojú fèrèsé. Arúgbó náà kò gbádùn mọ́ títí ó fi kú ní oṣù Kẹrin ọdún 1978. Fẹlá kó lọ sí Ìkẹjà, ó ṣí Afrika Shrine mìíràn ní òpópónà Pepple. Ibẹ̀ ló ti ń ṣeré títí ara kò fi gbé e mọ́, yàtọ̀ sí àkókò tí ìjọba ológun fi í sẹ́wọ̀n láti ọdún 1984 títí di oṣù Kẹrin ọdún 1986.

Kí a tó dé ọdún 1998, ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbi ìsìnkú rẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ti rí ohun tí bàbá wọn jẹ́ fún ìlú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, jókòó níwájú àwọn oníròyìn ó sì sọ gbangba pé àrùn AIDS ló pa àbúrò òun. Ní ìgbà yẹn, tí ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń fi ibà tàbí ọwọ́ ayé bo irú ikú bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn gba ọkàn gidi. Àbúrò Fẹlá, Dókítà Beko, kò lè wá sìnkú, ẹ̀wọ̀n Abacha, olórí ìjọba ológun ìgbà náà, ló wà. Wọ́n tẹ́ òkú Fẹlá sí Tafawa Balewa Square nínú pósí oníjíǹgí, ẹsẹ̀ kò sì gbèrò lọ́jọ́ náà: ọmọ ilé ìwé, awakọ̀ dánfó, lọ́yà, oníṣòwò, ọmọ ìta. Nígbà tí wọ́n gbé e gba Èkó kọjá lọ sí Ìkẹjà, gbogbo ọjọ́ ni ìrìn àjò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà, nítorí pé àwọn ènìyàn kò jẹ́ kí ọkọ̀ rìn. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹjọ, wọ́n sin ín sí iwájú ilé rẹ̀ ní òpópónà Gbémisọ́lá. Ìjọba kò kéde ọ̀fọ̀. Èkó ló fúnra rẹ̀ ṣọ̀fọ̀.

Abacha kú ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹfà ọdún 1998. Wọ́n tú Beko sílẹ̀ láàárín oṣù yẹn náà. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ikú Abacha ni ọjọ́ ìbí Fẹlá àkọ́kọ́ tí Felabration bá. N kò ronú pé a lè ya àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọdún náà bọ́ sí àkókò tí ará ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mí èémí ìtura, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ẹnu sọ̀rọ̀ láì wẹ̀yìn. Ká ní ọjọ́ ikú ni wọ́n mú ni, yóò di ìsìn ìdágbére lọ́dọọdún, àwọn mọ̀lẹ́bí á wọ dúdú, wọ́n á gbé òdòdó sórí ibojì, àwọn èrò á sì máa dín kù bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ọjọ́ ìbí bá ijó lọ, ó bá ìlù lọ. Ọmọ tí kò gbọ́njú mọ Fẹlá lè wá bá wọn ṣe é láìsí pé ó ń ṣọ̀fọ̀ ẹni tí kò mọ̀ rí.

Yẹni fúnra rẹ̀, oníjó ni. Ó jó nínú ẹgbẹ́ Positive Force tí Fẹ́mi àbúrò rẹ̀ dá sílẹ̀, kó tó di ẹni tí a ń rí lórí tẹlifíṣàn. Mo gbà pé èyí wà lára ohun tó mú kí ọdún náà ní irú ara tó ní. Ẹni tó ti dúró lórí ìtàgé lẹ́yìn olórin mọ̀ pé eré alẹ́ kan kì í ṣàdédé yọrí sí rere. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ mọ ibi tí wáyà wà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ bu epo sí jẹnẹrétọ̀, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ mọ iye tí àwọn onílù máa jẹ.

Ìṣòro kan wà nílẹ̀ nígbà náà. Afrika Shrine tó wà ní òpópónà Pepple kò sí lórí ilẹ̀ tí ìdílé Kútì ni, ọwọ́ wọn sì kúrò lórí rẹ̀ lẹ́yìn tí Fẹlá kú. Ọdún tí kò nílé, àlejò ni yóò máa jẹ́ níbikíbi tó bá lọ. Fẹ́mi àti Yẹni wá ilẹ̀ sí Agídìngbí, wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn tuntun, wọ́n sì dúró títí di ọjọ́ ìbí bàbá wọn lọ́dún 2000 kí wọ́n tó ṣí i. Láti ọjọ́ yẹn ni Felabration ti ní òrùlé lórí.

Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ rí lè rò pé ilé ńlá olówó ni. Gbọ̀ngàn gbàràmù ni, páànù ló wà lókè, ìtàgé gbòòrò wà níwájú, àga oníke àti tábìlì ló sì wà kiri ilẹ̀. Àwòrán àwọn akọni ènìyàn dúdú wà lára ògiri, Nkrumah, Lumumba, Malcolm X. Ojúbọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Èéfín ẹran sísun máa ń wọlé láti ìta, òórùn igbó náà kò sì jìnnà. Ní ọjọ́ lásán, Fẹ́mi máa ń fi ọjọ́ Bọ̀ dánra wò níbẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, á sì tún ṣeré lọ́jọ́ Àìkú. Ṣeun, àbúrò wọn, tó gba àkóso Egypt 80, ẹgbẹ́ bàbá wọn, nígbà tí bàbá kú tí òun sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Nítorí náà, ilé tí orin ń lọ níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ọdún yìí ń dé bá. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn sí àjọ̀dún tí wọ́n ń yá pápá ìṣeré fún, tí wọ́n á tú àgọ́ rẹ̀ ká ní ọjọ́ kejì.

Bí ọ̀sẹ̀ náà ṣe ń lọ nìyí. Àwọn àpérò ló máa ń ṣáájú, tí wọ́n á pe àwọn ọ̀mọ̀wé, lọ́yà, oníròyìn àti ajàfẹ́tọ̀ọ́-ọmọnìyàn wá sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí Fẹlá ti sọ nínú orin rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìdíje àríyànjiyàn fún àwọn ọmọ ilé ìwé girama. Ìdíje ijó wà. Ìwọ́de aláwọ̀ mèremère máa ń gba àwọn òpópónà Ìkẹjà kọjá, àwọn tó kun ẹfun sójú bíi ti Fẹlá àti àwọn ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ayaba á wà níwájú. Lẹ́yìn náà ni alẹ́ orin tẹ̀ lé alẹ́ orin, títí di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún fúnra rẹ̀ tàbí òpin ọ̀sẹ̀ tó bá sún mọ́ ọn. Àwọn tó ti gun ìtàgé náà kò ṣeé kà tán: Hugh Masekela àti Lucky Dube láti South Africa, King Sunny Adé, Wàsíù Àyìndé, Sàláwà Àbẹ̀ní, 2Baba, Aṣa, títí dé orí àwọn ọ̀dọ́ tí orúkọ wọn ń jà ràn-ìn báyìí.

Nínú gbogbo rẹ̀, ìdíje kan wà tí ó ń wù mí jù, òun sì ni àwọn oníròyìn kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ nípa rẹ̀. Wọ́n máa ń ní kí àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán mú orin Fẹlá kan, kí wọ́n sì ya àwòrán tuntun fún èèpo àwo rẹ̀. Lemi Ghariokwu ló yẹ kí a rántí níbí. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya èèpo àwo fún Fẹlá láàárín ọdún 1974, ó sì ya mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lápapọ̀. Kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwòrán. Ó máa ń gbọ́ orin náà, á bá Fẹlá sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà á lọ ya ohun tó rí lọ́kàn: ọlọ́pàá oníkùn gbẹndu, ọkọ̀ mólúè tí èrò ń rọ̀ mọ́, ẹ̀wọ̀n tó já. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ àwo Fẹlá ní ojú kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n ní etí. Nígbà tí ọmọ ọdún méjìdínlógún kan bá jókòó báyìí ní Ìyànà-Ìpájà tàbí ní Ẹ̀pẹ́, tó ń gbọ́ orin ọdún 1976 lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kẹwàá, kó lè mọ ohun tí yóò yà, ọmọ yẹn ti wọ inú ọ̀rọ̀ Fẹlá ju ẹni tó wá jó fún alẹ́ kan lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àríyànjiyàn ọmọ ilé ìwé. Ọmọ ọ̀gá ilé ìwé girama ni Fẹlá. Tí a bá gbé ọmọ oníyunifọ́ọ̀mù dìde kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bóyá òun gbà pẹ̀lú Fẹlá tàbí òun kò gbà, Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun pàápàá á mọ̀ pé iṣẹ́ òun kò parun.

Ti alẹ́ orin ní wàhálà tirẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi. Ẹgbẹ́ Fẹlá tóbi. Fèrè nìkan lè tó mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ká má tíì sọ ti gìtá, ìlù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹlẹ́gbè àti oníjó. Gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́ lójú èrò, òógùn á máa já lójú wọn. Lóde òní, gbajúmọ̀ olórin kan lè dé ní aago mẹ́ta òru, kí wọ́n ti orin rẹ̀ bọ inú ẹ̀rọ, kó máa pariwo lé ohùn ara rẹ̀ lórí fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó sì wọ mọ́tò lọ. Òótọ́ ni pé òun ló fa ìdajì èrò wá, àwọn onígbọ̀wọ́ náà sì fẹ́ rí orúkọ rẹ̀ lára pátákó. Ṣùgbọ́n inú mi kì í dùn sí i. Ẹni tó bá fẹ́ gun ìtàgé Shrine lọ́jọ́ ìbí Fẹlá, ó yẹ kí ó kó onílù àti onífèrè wá, bí kò ju orin kan ṣoṣo lọ. Àwọn kan nínú wọn ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á bá ẹgbẹ́ Fẹ́mi tàbí ti Ṣeun dánra wò ṣáájú, gbogbo ilé á sì gbọ̀n rìrì nígbà tí wọ́n bá dé orí ìtàgé.

Àwọn onígbọ̀wọ́ náà, n kò bá wọn ṣọ̀tá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ń ṣe ètò náà ti jẹ́ kí ìwọlé jẹ́ ọ̀fẹ́, iye tí ọ̀sẹ̀ orin ń ná ènìyàn kò sì kéré. Owó àwọn onígbọ̀wọ́ tó jẹ́ ọlọ́tí ni apá kan lára ohun tó jẹ́ kí ọmọ vulcanizer láti Ògbà lè dúró ní ẹ̀gbẹ́ lọ́yà láti Lẹ́kkí láìsan nǹkan kan. Ibi tí kò bá ti sí àyè fún ọmọ vulcanizer yẹn mọ́ ni ọ̀rọ̀ náà á ti bàjẹ́, nítorí irú wọn ló dí ọkọ̀ òkú lọ́nà lọ́dún 1997.

Ìjọba náà ti wá sí ọdún náà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, nígbà Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, ló dá owó sí àtúnṣe ilé òpópónà Gbémisọ́lá tí wọ́n fi sọ ọ́ di Kalakuta Museum. Ibojì Fẹlá wà ní iwájú ilé. Bí ènìyàn bá gòkè, yóò rí yàrá rẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀: ibùsùn tó wà nílẹ̀, aṣọ olómi góòlù àti olómi ọsàn tó fi ń ṣeré, bàtà tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, àti àwọn pátá kékeré tó máa ń wọ̀ rìn káàkiri ilé, èyí tí wọ́n gbé kọ́ bí ẹni gbé àmì ẹ̀yẹ kọ́. Mo gbóríyìn fún ẹni tó pinnu pé kí wọ́n má kó àwọn pátá yẹn pamọ́. Nígbà Felabration ọdún 2017, tó pé ogún ọdún tí Fẹlá kú, ìjọba Èkó lábẹ́ Gómìnà Akínwùnmí Ámbọ̀dé tún gbé ère kan kalẹ̀ fún un ní ìkóríta Allen. Aṣọ Fẹlá àti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó nà sókè ni ère náà fi hàn, kò ní orí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bínú sí i. Ní tèmi, owó tí ìpínlẹ̀ ná sórí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn dára, ṣùgbọ́n kò pa ọ̀rọ̀ ọdún 1977 rẹ́. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀ nígbà náà sọ pé ṣọ́jà tí a kò mọ̀ ló dáná sun ilé Fẹlá. Ìdájọ́ yẹn ṣì wà bẹ́ẹ̀.

Òkìkí ọjọ́ náà ti kọjá Ìkẹjà. Délé Ṣósími, tó tẹ dùùrù fún Fẹlá nínú Egypt 80, ń gbé e lárugẹ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní Brazil, níbi tí ìlù àwọn baba ńlá wa kò ti kú rárá, wọ́n ń ṣe Fela Day ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹwàá. Eré orí ìtàgé tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Fela! bẹ̀rẹ̀ ní Broadway ní New York ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009, wọ́n sì gbé e wá sí Èkó lọ́dún 2011. Ààrẹ ilẹ̀ Faransé, Emmanuel Macron, tó ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, wọ New Afrika Shrine lálẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù Keje ọdún 2018. Ariwo ìyẹn pọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo kà sí pàtàkì jù fún ilé náà kò ní ààrẹ kankan nínú.

Ọdún 2020 ni. Àrùn kòrónà kò jẹ́ kí èrò lè kóra jọ sí Shrine bíi ti àtẹ̀yìnwá, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbé ọ̀pọ̀ nínú ètò náà lọ. Ó dà bíi pé ọdún kò ní í pariwo. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ni àwọn ọ̀dọ́ ti tú síta lòdì sí SARS, àwọn ọlọ́pàá tó ń fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún fi máa kò, wọ́n ti dí ọ̀nà ní Aláúsá, níwájú ọ́fíìsì ìjọba Èkó, ibi tí kò jìnnà sí Agídìngbí rárá. Orin Fẹlá ń dún láti inú ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ni wọn kò tíì bí nígbà tí Fẹlá kú. Wọ́n mọ orin náà, wọ́n mọ ibi tí ẹlẹ́gbè ti ń gbè é, wọ́n sì ń kọ ọ́ sójú ọlọ́pàá. Ọjọ́ ìbí Fẹlá bá ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe ní Abẹ́òkúta pàdé lójú títì. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà ni ìbọn dún sí irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ní Lẹ́kkí.

Fẹ́mi ti di bàbá àgbà nínú iṣẹ́ náà báyìí. Ọmọ rẹ̀, Mádé, tó lọ kàwé orin ní Trinity bíi ti bàbá bàbá rẹ̀, ti gbé àwo tirẹ̀ jáde lọ́dún 2021. Nítorí náà, ẹ̀rù kò bà mí pé kò ní í sí Kútì tí yóò fun fèrè ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹwàá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni àwọn tí kì í ṣe Kútì: àwọn ayaba, àwọn onílù, àwọn awakọ̀, àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní Ìdí-Òrò, tí wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ilé jóná. Tony Allen, tó lu ìlù tí gbogbo ayé ń pè ní Afrobeat, kú sí Parisi ní oṣù Kẹrin ọdún 2020. Àwọn mìíràn ti lọ láìsí ẹni tó gba ohùn wọn sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹwàá ọdún 2038, Fẹlá yóò pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìpalẹ̀mọ́ fún ọjọ́ yẹn yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ láti ìsinsìnyí, kí ìdíje kan tún kún ti ọ̀sẹ̀ Felabration: kí àwọn ọmọ ilé ìwé girama tó ń wá jiyàn níbẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìgbohùn lọ bá àwọn àgbàlagbà wọ̀nyí nílé, ní Mushin, ní Ìdí-Òrò, ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí, kí wọ́n sì kó ohùn wọn jọ sí òpópónà Gbémisọ́lá, nínú yàrá tó kọjú sí yàrá Fẹlá.